Kíbọ́ọ̀dù Ni Mò Ń Tẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀ṣì: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Di Olùkọ́ Orin ní Ilé Ìwé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Láti JSS2 ni mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Etí ni mo fi kọ́ ọ, mi ò lè ka orin lórí ìwé. Ó wù mí kí n di olùkọ́ orin ní ilé ìwé, àmọ́ mi ò ṣe Music ní WAEC torí pé kò sí níléèwé wa. Bàbá mi ní iṣẹ́ alágbe ni, ó ní kí n lọ ka Accounting. Ṣé NCE ni kí n ṣe ni àbí yunifásítì? Kí ni mo lè máa kọ́ kí n tó wọlé? Ṣé owó tiẹ̀ wà níbẹ̀, mà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, mi ò sì ní dáhùn wọn bí o ṣe tò wọ́n. Èyí tí o ò béèrè rárá ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ orin, ọ̀tọ̀ ni kó lè kọ́ ọmọ lórin. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ṣe teaching practice níléèwé wa. Àwọn tí ọwọ́ wọn yá jù lórí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á wọ JSS1, wọ́n á bá ọmọ bí àádọ́ta lórí ìjókòó, kò síná, kò sí ohun èlò kankan, aago á sì ti máa ka ogójì ìṣẹ́jú mọ́ wọn lára. Gbogbo ọwọ́ yíyá yẹn ò wúlò mọ́. Ohun tó kù fún wọn ni ọ̀fun wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Ohun èlò olùkọ́ orin nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, bó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni iṣẹ́ yìí wù ọ́, orí wọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ rẹ.

Jẹ́ kí n bi ọ́: kíì mélòó, ìyẹn ibi tí do orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ni o lè tẹ̀ láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé orin lọ sí kíì mìíràn fún ọ? Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dísì tó fi etí kọ́ ló jẹ́ pé kíì kan ṣoṣo ni ọwọ́ wọn mọ̀, bóyá C tàbí F-sharp. Bí olórin bá ti gbé e lọ síbòmíràn, bọ́tìnnì ló ń bá wọn ṣe é. Kò burú ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní kíláàsì, ìṣòro ni, torí ìwọ ni yóò máa yan ibi tí orin yóò ti bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọdé kò sì sí níbi tí ohùn àgbà wà. Láti D tó wà lókè middle C, C tó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù, títí dé D tó tún wà lókè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ pírámárì ti máa ń kọrin pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Gbé orin sí kíì tí àwọn ọkùnrin inú kúáyà yín fẹ́ràn, kí o wò ó: àwọn ọmọ á máa kùn nísàlẹ̀, wọ́n á máa pariwo lókè, ìwọ á sì máa sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé wọn ò lóhùn. Ohùn wà. Ibi tó wà ni o ò mọ̀.

Nítorí náà, pa bọ́tìnnì yẹn tì fún oṣù mẹ́ta. Mú orin mẹ́rin tó ti mọ́ ọ lọ́wọ́, kí o máa tẹ̀ wọ́n ní C, G, F, D àti B-flat, kí o sì máa fi ẹnu kọ ọ́ bí o ṣe ń tẹ̀. Yóò sú ọ. Máa ṣe é.

Ó ku ti àwọn ọmọkùnrin ìparí JSS, kí n tó gbàgbé. Ohùn wọn á ti máa yí padà. Èyí tó ń kọ treble, ohùn òkè, lọ́dún tó kọjá á máa dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fún lépo. Má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì ní kó jókòó sẹ́yìn kó máa wòran. Wá ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ṣì lè dé fún un, kí o kọ ìlà orin kékeré kan tí kò kọjá ibẹ̀ fún un. Olùkọ́ tí kò mọ èyí ti sọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin di ẹni tó ń sọ títí dọ̀la pé àwọn ò mọ orin kọ.

Sol-fa ló kàn. Ìwọ náà á ti rí ìwé tí kúáyà yín fi ń kọ́ anthem, tí wọ́n kọ d, r, m, f sí pẹ̀lú kólọ́ọ̀nù àti ìlà gbọọrọ láàárín wọn. Obìnrin olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé. John Curwen mú un, ó tún un ṣe, ó sì tàn án káàkiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e wá sọ́dọ̀ wa, kò sì tíì lọ. Àmì ọwọ́ tí Curwen fi ń tọ́ka sí ohùn kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n fi orúkọ Zoltán Kodály, ará Họ́ńgárì, pè ṣì ń lò títí di òní. Lọ kọ́ àwọn àmì ọwọ́ yẹn. Ọjọ́ kan kò ní tán kí o tó mọ̀ wọ́n, wọn ò sì ń jẹ iná.

Ọmọ Yorùbá ní ohun kan tí ọmọ Họ́ńgárì ò ní. Tíṣà Yorùbá ti kọ́ ọ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ JSS1 láti ibẹ̀. Màá pe ọmọ mẹ́ta mẹ́rin jáde, màá kọ orúkọ wọn sórí pátákó: Òjó, dò mí. Adé, re mí. Ìdòwú, dò dò mí. Kẹ́hìndé, mí dò mí. Kíláàsì á fi sol-fa pe orúkọ wọn, wọ́n á fi ọwọ́ lu ìjókòó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá fi sol-fa nìkan pe orúkọ ẹnì kan, kí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ dìde. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn o, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ń kọ́ ohun tó ń jẹ́ aural, fífi etí dá ohùn mọ̀.

Ṣùgbọ́n má dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ní, kò sì sí ìwọ̀n kan pàtó tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Dò ti ẹnu ìyá àgbà kì í ṣe dò ti ọmọ rẹ̀. Nínú orin, ìwọ̀n wà, ohùn sì ju mẹ́ta lọ. Tó bá ti tó ẹ̀kọ́ méjì, mú so àti la wọlé, kí o fi fa àti ti sílẹ̀ títí etí wọn á fi dúró, torí ìdajì ohùn tó wà láàárín m àti f, àti láàárín t àti d òkè, ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Ibi tí ìmọ̀ ohùn ọ̀rọ̀ yìí tún ti máa wúlò ni nígbà tí àwọn ọmọ bá ń dá orin sílẹ̀ fúnra wọn. Sọ fún wọn kí orin máa lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ. Ìwọ tó o ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ àwọn orin ìyìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ wá ń dún bí òmíràn. Ekundayo Phillips, tó tẹ ọ́gáànù ní Kàtídírà Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ló jà fún ọ̀rọ̀ yìí jù láyé tirẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953. Ìṣòro tó rí nígbà yẹn ò tíì tán nílẹ̀.

Wàyí o, ìlù. Mo fẹ́ kí o dán èyí wò lónìí, ní yàrá rẹ. Ya àpótí kékeré méjìlá sórí ìwé, kí wọ́n tò lórí ìlà kan, kí o kọ nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 12. Kun 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Máa ka nọ́ńbà náà jáde ní ìwọ̀n kan náà, kí o pàtẹ́wọ́ níbi tí o bá kùn. Bí o bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, wàá gbọ́ ọ: kọn, kọn, kọ-lọ, kọn, kọ-lọ. Kọnkọlọ ni, agogo tó ń rìn lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlù wa. Ó bá àwọn baba wa sọdá òkun. Ẹni tó bá gbọ́ orin òrìṣà ní Kúbà tàbí ní Bahia á gbọ́ ọ níbẹ̀.

Báyìí, gbé ẹsẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa lu ilẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10, kí ọwọ́ má sì yẹ̀ kúrò lórí ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á pàdé ní 1 àti ní 10 nìkan. Ní 4 àti 7, ẹsẹ̀ á dá nìkan balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kíláàsì á sì ti dàrú. Má pariwo lé wọn lórí. Pín wọn sí méjì, kí apá kan di ẹsẹ̀ mú, kí apá kejì di ọwọ́ mú, kí wọ́n wá pààrọ̀. Nígbà tó bá dúró, padà sórí pátákó: níbi tí ọwọ́ bá gba àpótí méjì, kọ crotchet, níbi tó bá gba ẹyọ kan, kọ quaver. Crotchet méjì, quaver kan, crotchet mẹ́ta, quaver kan. Wọ́n ti kọ 12/8, ìyẹn ìwọ̀n quaver méjìlá, sílẹ̀ ní staff notation, orin orí ìlà márùn-ún, kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó lo sáà odindi lórí crotchet àti quaver pẹ̀lú àwòrán orí àti ìrù, tí ọmọ kan ṣoṣo ò lè pàtẹ́wọ́ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀.

Lọ bá àyàn kan ní Òṣogbo kó kọ́ ọ ní gúdúgúdú àti omele, ó kéré tán. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù, kò ní gbé e fún ọ bọ̀rọ̀, ó sì tọ̀nà. Ìwọ̀n ni o ń wá, ẹnu ìlù á dé tó bá yá. Mú owó díẹ̀ lọ, mú sùúrù lọ, kí o sì béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn nílé, torí ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwọ ń kó lọ́wọ́ wọn ju ìlù lọ.

Rikọ́dà, fèrè kékeré tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́, ni ohun èlò kejì tí mo fẹ́ kí o ní, torí òun ni òbí lè rà. Ọwọ́ òsì ló ń wà lókè. B ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: àtàǹpàkò di ihò ẹ̀yìn, ìka tó tẹ̀ lé e di èyí àkọ́kọ́ níwájú. Fi ìka àárín kún un, A dé. Fi ìka tó kàn kún un, G dé. Ohùn mẹ́ta yìí tó orin kékeré mélòó kan. Èémí jẹ́jẹ́ ni, ọmọ tó bá fẹ́ ẹ le, híhan ló máa han. Ju èyí lọ, ka ìwé rikọ́dà èyíkéyìí, ibi kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbà.

Àti kíka staff. Má bẹ̀rù rẹ̀, ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi etí bẹ̀rẹ̀. Mú orin ìyìn kan tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ dunjú. Fi sol-fa kọ ohùn òkè rẹ̀ sílẹ̀ láti inú etí rẹ. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sórí staff ní kíì C, kí o tún gbé e lọ sí G. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé orin olóhùn mẹ́rin, kí o wo ibi tí tìrẹ ti yàtọ̀. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ orin sílẹ̀, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ ọ́ sínú rẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ fún ọ, àṣìṣe rẹ á ké sí ọ fúnra rẹ̀.

Ó dáa, ilé ẹ̀kọ́ wo? NCE ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí fún olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ṣe é lè gba direct entry wọ 200 level ní yunifásítì lẹ́yìn náà. Wọ́n ń kọ́ orin ní Federal College of Education tó wà ní Òsíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta, àti ní Ìjànikín l'Ékòó, èyí tó ti di ara Lagos State University of Education láti 2022. Yunifásítì kan tí kò jìnnà sí ọ, tó ní ẹ̀ka orin tirẹ̀, ni Obafemi Awolowo University ní Ifẹ̀. Bowen ní Ìwó náà ń ṣe é, àmọ́ ti aládàáni nìyẹn, owó rẹ̀ ò kéré. Polytechnic Ìbàdàn ní Music Technology, ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ stúdíò.

Ojú tèmi ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ láti NCE. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bá mi jiyàn, wọ́n á ní B.A. ló níyì. Mo gbà pé B.A. Music jinlẹ̀ ju NCE lọ nínú ìmọ̀ orin. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì lè ka orin, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń mú ènìyàn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa kọ́ ọ ní ìkọ́ni láti ọdún kìíní. Ẹni tó bá ṣe B.A. tàbí HND láìsí ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni nínú rẹ̀ á ṣì padà wá ṣe PGDE, díplọ́mà ìkọ́ni, kí TRCN tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. TRCN ni ìgbìmọ̀ tí òfin 1993 gbé dìde láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ìdánwò tiwọn, o ò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí o bá ṣe NCE, tí o sì gba ibẹ̀ wọ yunifásítì, wàá ti máa jẹ́ olùkọ́ bọ̀ kí o tó jáde.

Ti Music tí o ò ṣe ní WAEC, má jẹ́ kó dá ọ dúró. Ìwọ nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé girama ni kò ní olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀, nítorí náà, ìwé ìlànà JAMB ti ọdún tí o fẹ́ wọlé gan-an ni kí o wò, kí o wò ó fúnra rẹ, má gba ti ọmọkùnrin tó ń bá ènìyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní káfẹ́. Àwọn ibòmíràn máa ń pe ènìyàn wá kó kọrin, kó pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá pa, kó sì fi ohun èlò rẹ̀ hàn wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù rẹ á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Tí owó bá wà, ìdánwò theory ti ABRSM, àjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìdánwò orin, dára láti ní lọ́wọ́. Ìpele mẹ́jọ ni. Ní ìwọ̀nba tìrẹ, dé Grade 5, torí àwọn fúnra wọn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó fún ìdánwò ohun èlò láti Grade 6 sókè láì kọ́kọ́ yege nínú Grade 5 theory tàbí ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Tí owó ò bá sí, fi í sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ò pọn dandan fún olùkọ́ nílé ìjọba, ìmọ̀ inú rẹ̀ ló pọn dandan.

Àwọn kan á sọ fún ọ nípa ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti 2006 ni MTN Foundation ti ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn tó bá yege wọ díplọ́mà wọn, ó sì jẹ́ ibi tó dára púpọ̀ fún ohùn àti ohun èlò. Ṣùgbọ́n olórin ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá jáde ṣì nílò ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kí ilé ìwé ìjọba tó lè gbà á.

Kí o mọ̀ pẹ̀lú pé ní ilé ìwé ìjọba, orúkọ iṣẹ́ rẹ lè má jẹ́ Music rárá títí ọmọ á fi wọ SS. Cultural and Creative Arts ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí láti pírámárì dé JSS3: orin, ijó, eré orí ìtàgé, àwòrán, iṣẹ́ ọnà. Wọ́n gbà ọ́ fún orin, o sì lè rí ara rẹ níwájú kíláàsì tó ń di àdìrẹ. Ọmọ Òṣogbo ni ọ́, àdìrẹ ò jìnnà sí ọ. Kọ́ ọ díẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ràn olùkọ́ tí kì í sọ pé èyí kì í ṣe apá tèmi.

Tọ́jú ọ̀fun rẹ. Kíláàsì mẹ́fà lọ́jọ́ pẹ̀lú ariwo, ohùn á ha kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Fi àtẹ́wọ́ pe kíláàsì dípò ẹnu: ìwọ pa ìlù kan, àwọn dá a padà. Máa mu omi, má sì máa kọ gbogbo orin pẹ̀lú wọn. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, dákẹ́, kí àwọn kọ.

Bàbá rẹ ńkọ́? Má bá wọn jà. Ohun tí wọ́n rí nígbà èwe wọn ni wọ́n ń sọ: ẹni tó ń lu ìlù kiri òde, tó ń retí kí wọ́n lẹ owó mọ́ òun níwájú. Sọ fún wọn pé àlùfáà ni Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, òun ló kọ ọ̀pọ̀ orin ìyìn Yorùbá, tó sì lọ gbà wọ́n sínú àwo ní London ní 1922. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, ló jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT. Ní Òṣogbo tiyín níbẹ̀, tíṣà ni Duro Ladipo nígbà tó gbé ìlù Yorùbá wọ inú orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní 1961. Ọ̀rọ̀ náà dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìjọ, àwọn àgbà Òṣogbo kan lè rántí rẹ̀, bàbá rẹ pàápàá lè ti gbọ́ ọ.

Ìtàn yẹn á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ dé ìdajì. Ìdajì tó kù, owó ni. Olùkọ́ tó ní NCE ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 07 nínú iṣẹ́ ìjọba, èyí tó ní dìgírì ìkọ́ni ní 08, ipele kan náà pẹ̀lú olùkọ́ ìṣirò. Òfin 2022 ti sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Fi èyí síwájú wọn. Ṣùgbọ́n má purọ́ fún wọn pé ìjọba ń gba olùkọ́ orin lọ́dọọdún. Ó lè pẹ́ kí fọ́ọ̀mù tó jáde, bó bá sì jáde, orin lè máà sí lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o fi Yorùbá tàbí Theatre Arts kún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí wọ́n bá ti gbà kí ènìyàn so iṣẹ́ méjì pọ̀. Ilẹ̀kùn méjì sàn ju ọ̀kan.

Kí ti ìjọba tó dé, ilé ìwé aládàáni ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ sí, mo sì fẹ́ kí ojú rẹ là. Wọ́n á fẹ́ kí o máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wọ́n á pè ọ́ ní music instructor, owó náà á sì kéré. Àwọn tó ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀ ni àwọn tó ń kó ilé ìwé méjì mẹ́ta pọ̀, tí wọ́n ń fi home lesson kún un nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń kọ́ kúáyà lópin ọ̀sẹ̀. Ó rẹni, àmọ́ ó ń bọ́ ènìyàn. Bí wọ́n bá ní kí o wá kọ́ kíláàsì kan kí àwọn wò ọ́, má gbé kíbọ́ọ̀dù lọ. Gbé agogo kan lọ, kọ́ wọn ní kọnkọlọ, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe é níwájú onílé ìwé. Kí lesson note rẹ wà ní mímọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí orúkọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá scheme of work mu.

Kí o tó gbà, béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ wọn. Píríọ́dù mélòó ni lọ́sẹ̀? Ṣé owó ń wọlé lásìkò ọlidé? Ta ló ń ra ohun èlò, tó bá sì bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe? Èyí tó kẹ́yìn ló ń bí wọn nínú, òun náà sì ni kí o má gbàgbé: orin Kérésì, cultural day, ìparí ọdún, ìrìn àwọn ọmọ lọ́jọ́ inter-house, ṣé inú owó oṣù rẹ ni gbogbo ìfidánrawò yẹn wà, àbí wọ́n ń san án lọ́tọ̀? Ìfidánrawò Kérésì nìkan lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ fún oṣù kan àtààbọ̀, ìyẹn sì ni ìrọ̀lẹ́ tí o fi ń ṣe home lesson. Ohun tí wọ́n bá fèsì, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ kí o tó buwọ́ lù ú.